Ọ̀bẹ Mọ́kànlá, Ẹnu Kan

Ọkọ mi ní ọ̀bẹ mọ́kànlá, ẹnu kan ṣoṣo ló ní.
Mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún tí a ti fẹ́ra wa.
"Bákísíò," ni mo máa ń wí, "ta lo fẹ́ bá jagun?"
Á rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n, á ti ọwọ́ bọ àpò.

Inú àpótí sìgá àtijọ́ ni wọ́n ń sùn,
lórí àkísà tó rin fún òróró ólífì,
gbogbo wọn ká jọ bí ọmọ tí òtútù mú.
Ojú wọn rí bí ewé mírtílì, èkù wọn jẹ́ ìwo àgbò.
Ọ̀kan ní àpá níbi tí ìbaaka ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
lọ́jọ́ tí wọ́n ń rẹ́ irun àgùntàn.

Ní Pattada wa níbí, afẹ́fẹ́ òkè a máa mi ilẹ̀kùn láàárọ̀.
Kí kọfí tó hó, á ti dúró níwájú àpótí náà
bí ọmọge tó ń yan yẹtí.
Èyí tí bàbá rẹ̀ fi da ẹran lórí òkè, ti wàrà líle ni.
Èyí tí Èfísíò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bọ̀ láti ibi ìwakùsà, ti sọ́séèjì;
kò jẹ́ fi gé èso láé, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi.
Èyí tí kò gùn ju ìka mi lọ, ti píà.
Búrẹ́dì wa fẹ́lẹ́ bí ìwé, ọwọ́ là ń fi ṣẹ́ ẹ,
òun nìkan ni kò bá ọ̀bẹ rojọ́ nínú ilé yìí.
Ọ̀kan sì wà tó rà lọ́jà Ozieri
nígbà tí a kò ní owó bàtà ọmọ.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.
Ọ̀bẹ náà dára o. Mi ò tíì sọ fún un títí dòní.

Èmi ọbẹ̀, òun ọ̀bẹ: bí a ṣe pín ilé nìyẹn.
Mo ń ro ẹ̀wà nínú ìkòkò, ó ń pọ́n irin lẹ́nu ọ̀nà,
ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Bó bá jókòó, á gé, á na ègé àkọ́kọ́ sí mi
lórí ojú ọ̀bẹ gan-an. Mo ń fi ètè gbà á.
Kò gé mi rí.

Nínú oṣù kejì, rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Dókítà ní ká dúpẹ́. A dúpẹ́.
Ó jókòó síwájú wàrà bí àlejò,
ó ń wo ọwọ́ tó sùn lórí itan rẹ̀.
Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀;
ta ló bi ọ̀bẹ léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀
nígbà tí wọ́n gbé e sọ́wọ́ ẹlòmíì?

Bonària ọmọ wa mú fọ́ọ̀kì oníke wá láti ìlú ńlá,
ó gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọ ọwọ́.
Bàbá rẹ̀ pa ẹnu dé.

Mo dìde. Mo gbé àpótí sìgá náà sórí tábìlì.
"Yàn," ni mo wí.
Ojú rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ,
ó dúró lórí ti ọjà Ozieri. Alárékérekè!
Mo fi èékánná ṣí i. Ó le. Ó dún kẹ́,
ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìdí ààrò
tí mi ò mọ̀ pé ìka ló ń gbà wọ inú ara.
Mo gé wàrà, ó fọ́ wómúwómú.
"Má tì í," ló fi ìlàjì ẹnu wí, "fà á."
Mo fà á. Ó já fẹ́lẹ́.
Mo na ègé náà sí i lórí irin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
òun kò fà sẹ́yìn rárá.

Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ó fi ahọ́n wá èyí tó kù létè.
"Ó ti kú lójú," ló wí. "Lọ pọ́n ọn."
Ọbẹ̀ ti tutù.
Mo wá òkúta náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.